Ẹ Má Tàn Án Mọ́: Bí A Ṣe Ń Gba Iṣẹ́ Wa Lára Hard Disk Tó Ń Kú Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè àti òǹkọ̀wé kan sọ ní Ìbàdàn nìyí. Àwọn tí kò lè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Alága ní kí n sọ ohun tí èèyàn lè ṣe bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì há sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá kan.

Nígbà ọyẹ́ ni bàbá yìí wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn àti ọmọ wọn obìnrin. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi tówẹ̀lì wé laptop wọn, wọ́n gbé e lé àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Odidi ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ti agboolé bọ́ sí agboolé nílùú wọn ní Òkè Ògùn, tí wọ́n ń gba oríkì àti ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí wọ́n bá délé, wọn á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, tàmì-tàmì. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó sọ ọ́ fún wọn ti kú. Laptop nìkan ló kù tó mọ ọ̀rọ̀ náà.

Laptop yìí á tàn, àmì Windows á jáde, á máa yí róbótó, á sì tún kú padà. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó wà níbẹ̀ wò ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Bàbá, fọ́máàtì ló máa gbà." Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò ní lọ?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kò ṣí." Ibẹ̀ ni ọmọ wọn ti gbé laptop kúrò lórí tábìlì onítọ̀hún. Ọmọ yẹn ló gba iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá là. Ohun tí èmi ṣe lẹ́yìn náà, kò tó ìyẹn.

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti tàn án láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìranù yìí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò ṣe é kà. Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé wa ló ń bá wa tàn án wò."

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ lónìí, inú ìdáhùn yẹn ló wà. Bí hard disk, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wa pamọ́ sí, bá ti ń ṣàìsàn, bí epo inú àtùpà tó ku díẹ̀ ló rí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án ni epo náà ń jó. Bí ẹ bá tàn án wò bóyá yóò ṣí, epo jó. Bí ẹ bá tún tàn án kí àbúrò yín lè wò ó, epo tún jó. Ìmọ́lẹ̀ tó kù yẹn, ohun kan ṣoṣo ló yẹ ká fi wá nínú yàrá, ìyẹn ni ẹrù wa. Ká kó ẹrù jáde ná. Bí a bá kó o jáde tán, ẹni tó bá fẹ́ tún àtùpà ṣe kó tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ bá giramafóònù láyé, ẹ rántí àwo àpàlà àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Hard disk fara jọ ọ́. Àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi nǹkan tó dà bí òòfà ra ojú rẹ̀, apá kékeré kan sì nà sórí rẹ̀ bí apá giramafóònù ṣe ń nà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fara kan àwo, ṣùgbọ́n orí tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú hard disk kò gbọ́dọ̀ fara kan ojú àwo tó ń yí. Afẹ́fẹ́ tí àwo náà ń fẹ́ bó ṣe ń yí ló ń gbé orí yìí dúró. Àwo inú laptop máa ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, òmíràn 7,200. Etí àwo náà ń sáré ju 60 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, bíi mọ́tò lójú títì márosẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín òun àti orí tó ń kà á kéré débi pé fọ́nrán irun kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wá fojú inú wo eruku ọyẹ́ níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo laptop tí ọmọdé tì ṣubú látorí àga nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ṣí hard disk kan tó ti kú pátápátá kí a lè rí inú rẹ̀. Ìlà róbótó kan wà lójú àwo náà, bí ìgbà tí èèyàn fi ìṣó fa ojú dígí. Ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ kó jọ sí igun àpótí rẹ̀. Ọ̀gá fi ìka kan ìyẹ̀fun yẹn, wọ́n nà án sí wa, wọ́n ní, "Fọ́tò ìgbéyàwó ẹnì kan nìyí." Kò sí ẹ̀rọ kan láyé yìí tó lè da ìyẹ̀fun yẹn padà sí fọ́tò. Ẹni tó ni ín ti gbọ́ ariwo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ń tàn án lójoojúmọ́.

Nítorí náà, etí ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Hard disk tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, tó dákẹ́ díẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ kẹ́, kẹ́, kẹ́, orí tó ń kàwé ló ń wá ibi tó máa bá bẹ̀rẹ̀ tí kò rí i. Èyí tó ń han tín-ín-tín bí ẹ̀fọn, tí ẹ kò sì gbọ́ kí àwo yí, ó ṣeé ṣe kí orí ti lẹ̀ mọ́ àwo tàbí kí mọ́tò inú rẹ̀ ti há. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ yọ iná lára rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ti kọjá orí tábìlì èmi náà. Ibi tí kò ti sí eruku rárá ni wọ́n ti ń ṣí i, tí wọ́n ń yọ orí lára hard disk mìíràn irú rẹ̀ gan-an láti fi sí i. Owó rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì lówó rẹ̀ lónìí, ẹ fi wé nǹkan, ẹ gbé e pamọ́. Hard disk tó wà nínú dúrọ́ọ̀ láìtàn kò tún ní bà jẹ́ sí i bí èyí tí a ń tàn.

Ti bàbá kò dún kẹ́ kẹ́ kẹ́. Ó kàn ń yí, ó ń dúró, ó ń mí bí ẹni gun òkè. Ìrètí wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí púpọ̀ lórí iṣẹ́ wa. Àwọn èèyàn gbà pé kọ̀ǹpútà tí kò ṣí, ohun inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Rárá o. Windows tó kọ̀ tí kò ṣí dà bí ilẹ̀kùn àbáwọlé tí kọ́kọ́rọ́ dá sí nínú. Ẹrù wà ní yàrá níbi tó wà. A lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, hard disk kò tilẹ̀ ní àrùn kankan, RAM, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ló ṣí díẹ̀ ní ojú ihò rẹ̀, tàbí fáìlì Windows kan ló bà jẹ́ nígbà tí iná lọ lójijì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ fọ́máàtì, tó sì fi Windows tuntun sí i, ilé mìíràn ló kọ́ lé orí ẹrù yín. Bí fọ́máàtì náà bá jẹ́ èyí tó yá, ìwé àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì wà ló máa ń nù, àwọn fáìlì fúnra wọn á ṣì wà nílẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ibẹ̀. Ti èyí tó ń pẹ́ le jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà Windows Vista, òdo ló ń kọ sí gbogbo ojú àwo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé jáde.

Ẹ̀yìnkùlé tí mo ń sọ yìí, Linux ni, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows. Ẹ lè fi Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú Linux, sórí fláàṣì 8GB, kí ẹ fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, yóò ṣiṣẹ́ láìkọ nǹkan kan sí hard disk yín. Èmi máa ń tú hard disk jáde ni, mo sì máa ń fi wáyà SATA sí USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi tó ń lo Linux. Ìdí tí n kì í fi í so ó mọ́ Windows ni pé Windows kì í lè mẹ́nu kúrò lọ́rọ̀. Kó tó pẹ́, á ní ẹ gbọ́dọ̀ fọ́máàtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ tẹ Cancel. Á tún ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí òun bá yín tún un ṣe. Ẹ má gbà fún un. CHKDSK ni wọ́n ń pè ní ìtúnṣe yẹn, ó sì wúlò fún hard disk tí ara rẹ̀ le. Lórí èyí tó ń kú lọ, bó bá dé ibi tí kò ṣeé kà nínú àkọsílẹ̀ fáìlì, á gbà pé ìdọ̀tí ni, á sì gbá a dànù. Ó ń tún ilé ṣe nígbà tí onílé ṣì wà lábẹ́ àwókù.

Hard disk máa ń kọ ìtàn àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Ìlà mẹ́ta ni mo máa ń wò níbẹ̀: 5, 197 àti 198. Iye ibi tó ti bà jẹ́ tàbí tí kò ṣeé kà ni wọ́n ń kà, nítorí náà òdo ló yẹ kó wà níwájú wọn. Ti bàbá, 1,312 ló wà níwájú 197. Ìyẹn ni pé hard disk náà mọ ibi 1,312 tí òun ti gbìyànjú àtikà tí òun kò rí i kà.

Mo wá ra hard disk tuntun tó tóbi ju ti bàbá lọ. Ti bàbá jẹ́ 500GB, mo ra 1TB. Mo fọ́máàtì tuntun náà sí ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì, torí pé FAT32, ọ̀nà mìíràn tó wọ́pọ̀ lórí fláàṣì, kò lè gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ, bẹ́ẹ̀ fáìlì ńlá kan ṣoṣo la fẹ́ ṣe: odidi hard disk bàbá, láti sector àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ìyẹn àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n pín ojú àwo sí, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. A kò ní ṣí fáìlì kankan wò, a kò ní wá "Documents". Ẹ̀dà odidi ni.

Irinṣẹ́ tí mo fi ṣe é ń jẹ́ GNU ddrescue. Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́, ó ti wà láti ọdún 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi sórí Ubuntu, gddrescue ni kó wá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ó ń ṣe bí àgbẹ̀ tó rí iná tó ń jó bọ̀ wá sí oko rẹ̀. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dúró ti iṣu kan tó há sábẹ́ òkúta. Á kọ́kọ́ wa gbogbo ibi tó rọ̀, á kó o jáde, bí àyè bá wá kù, á padà wá sídìí òkúta. Bí èèyàn bá kàn ń da fáìlì kọ lásán, ńṣe ni kọ̀ǹpútà á dúró sídìí òkúta àkọ́kọ́, tí á máa gbo hard disk níbẹ̀ títí tí á fi kú.

Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb baba.img baba.map

sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb baba.img baba.map

Ìlà àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọ̀. Ìlà kejì ń padà sídìí òkúta, ó sì ń gbìyànjú ní ìgbà mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo sdb yẹn dáadáa. Orúkọ hard disk tó ń ṣàìsàn ló gbọ́dọ̀ wà níwájú, ibi tí a ń kó o lọ á tẹ̀ lé e. Orí kọ̀ǹpútà tiyín, ó lè jẹ́ sda tàbí sdc. Mo máa ń fi àṣẹ lsblk, tó ń to orúkọ àwọn hard disk jáde, wò ó, mo máa ń fi bí wọ́n ṣe tóbi sí dá wọn mọ̀, mo sì máa ń kà á sókè kí n tó tẹ Enter. Ẹni tó bá yí i po, ó ti da òfìfo lé ohun tó ń wá lórí.

Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà, 10%, 18%, lẹ́yìn náà ó dé ibì kan tó ń fà bí ìgbín. Mo gbé fáànù kékeré kọjú sí hard disk kó má baà gbóná. Nǹkan bí agogo kan òru, wọ́n mú iná lọ, inverter mi náà kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà mìíràn ni, à bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, epo àtùpà á tún jó. Ṣùgbọ́n fáìlì baba.map yẹn ni ìwé tí ddrescue ń kọ ibi tó dé sí. Nígbà tí iná dé, mo tẹ ìlà kan náà, ó sì bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó ti dúró. Òru méjì àti ọ̀sán kan ló gbà. Nígbà tó parí, nínú sector 976,773,168, igba ó lé mẹ́rìnlá péré ni kò rí kà. Mo yọ hard disk bàbá, mo fi wé bébà, mo fi sínú dúrọ́ọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, orí ẹ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣàṣìṣe lórí ẹ̀dà, mo lè tún òmíràn ṣe.

Ẹnì kan níbí ti ń mi orí pé sector mélòó ló lè ṣì ṣeé kà lára hard disk tó ti bà jẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Columbia fún un. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003 ni ọkọ̀ ojú sánmà Columbia tú ká sófurufú bó ṣe ń padà bọ̀ wá sílé ayé, èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lára ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni hard disk kan tí iná ti yọ́ ara rẹ̀, nínú adágún odò kan tó ti gbẹ. Àbájáde ìwádìí kan nípa gáàsì xenon ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Kroll Ontrack ní Minnesota. Wọ́n fọ àwo rẹ̀, wọ́n gbé e sínú ara hard disk mìíràn, wọ́n sì ka èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó wà lójú rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà tẹ àbájáde wọn jáde. Ojú àwo náà bà jẹ́ níbì kan o, ṣùgbọ́n hard disk náà kò kún ju ìdajì lọ, ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ ni ìpalára náà bọ́ sí. Mo ń sọ èyí kí ẹ má tètè sọ̀rètí nù. Iná jó o, ó já bọ́ láti òkè ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tàn án wò lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà.

Ìyá mi kan béèrè níbí pé ṣé lóòótọ́ ni kí a gbé hard disk sínú fírísà. Mà á, ẹ má ṣe é. Bó bá jáde nínú fírísà, omi ló ń ṣẹ́ sí i lára bí ìgò mínírà, àwo tó mú omi kò sì ṣeé yí.

Ẹ̀yin tí laptop yín jẹ́ tuntun, SSD ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀ dípò hard disk aláwo. Kò ní àwo, kò ní dún, kì í sì í sábà kìlọ̀ kó tó lọ. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ kó tó nù pátá. Púpọ̀ nínú Windows 11 sì ti ti hard disk pa fúnra rẹ̀ láìsọ fún yín. BitLocker ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹ̀dà tí a bá ṣe kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lálẹ́ òní, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ sì da iṣẹ́ yín kọ sí ibi méjì mìíràn, kí ọ̀kan má sí nílé kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti bàbá. Igba ó lé mẹ́rìnlá sector yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn bọ́ sínú ibi tí hard disk ń kọ orúkọ fáìlì sí. TestDisk bá mi kó ọ̀pọ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ wọn. Fáìlì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kù tí kò lórúkọ mọ́. PhotoRec ló bá mi ṣa àwọn yẹn. Christophe Grenier ló kọ irinṣẹ́ méjèèjì, ọ̀fẹ́ náà ni. PhotoRec kì í béèrè orúkọ, ìrísí fáìlì ló fi ń dá a mọ̀, nítorí náà f àti nọ́ńbà gbọọrọ ló ń sọ gbogbo wọn.

Mo pe bàbá. Wọ́n wá pẹ̀lú ọmọ wọn, a gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà. Ọmọ wọn á ṣí fáìlì kan, á ka ìlà àkọ́kọ́, kó tó ka ìlà kejì, bàbá á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ti Oníkòyí nìyẹn." Ọmọ á kọ orúkọ sí i. "Ti ọmọ Olúfẹ̀." "Ti Ọ̀pọ́mulérò, ilé ẹ̀bá ọjà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ, títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀kan kọ̀, kò ṣí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ìdajì rẹ̀ ló wà, ìyókù jẹ́ òdo. Bàbá ní kí n ka ohun tó kù nínú rẹ̀ fún àwọn, mo kà á. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ìyá àgbà tó kì í fún àwọn ti lọ láti ọdún 2016.

Lẹ́yìn náà wọ́n di ojú, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n bá oríkì náà lọ láti ibi tí fáìlì ti já. Ọmọ wọn yára fa fóònù yọ, ó tẹ rikọ́dù, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn.